Omi Chicago: Ibi Tó Ti Wá, Ibi Tó Ń Lọ

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, omi ìlú Chicago àti agbègbè rẹ̀ tí gbogbo wa níbí ń mu, tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì mọ ìtàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ìdáná mi ní Flossmoor, ìlú kékeré kan lápá gúúsù Chicago. Láàárọ̀ Sátidé, mo máa ń rẹ ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín sínú abọ́ ńlá kan. Tó bá ti rọ̀, màá ṣí ẹ̀rọ omi sí i, màá fọwọ́ méjèèjì bó o. Èèpo á léfòó, màá da omi náà nù, màá tún bu òmíràn sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, títí ẹ̀wà yóò fi funfun nini. Ọdún gbọọrọ ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó bi ara mi ní ìbéèrè méjì. Omi tó ń dà lẹ́nu ẹ̀rọ yìí, níbo ló ti wá? Èyí tí mo dà nù, níbo ló gbà lọ?

Ẹ̀yin ará mi, inú ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí ni ìtàn Chicago wà. Inú adágún Michigan ni omi náà ti wá; àárín ìlú Chicago, tó jìnnà sí Flossmoor tó nǹkan bí máìlì 25, ló jókòó sétí adágún ọ̀hún. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá dà nù kì í padà sínú adágún mọ́. Odò Mississippi ló ń bá lọ, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ St. Louis, ó ń gba New Orleans, títí ó fi dé inú òkun lápá gúúsù Amẹ́ríkà. Bí Olódùmarè ṣe tẹ́ ilẹ̀ náà kọ́ nìyẹn. Èèyàn ló yí omi lójú padà. Bí wọ́n ṣe yí i, àti ohun tó ti ara rẹ̀ jáde, ló sọ Chicago di irú ìlú tó jẹ́.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí adágún Michigan á pè é ní òkun. Ìgbì ń bì lù ú, ẹyẹ ń fò lórí rẹ̀, ojú kò sì tó èbúté kejì. Ṣùgbọ́n ẹ tọ́ ọ wò, kò ní iyọ̀. Odò kékeré kan wà tó ń rọra ṣàn wọ inú rẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn onílẹ̀ gan-an, àwọn ẹ̀yà Miami àti Illinois, fi ewéko kan tó ń rùn bí àlùbọ́sà, tó máa ń hù létí odò náà, sọ ọ́ lórúkọ. Shikaakwa ni wọ́n ń pe ewéko ọ̀hún. Ẹnu àwọn Faransé ló yí i sí Chicago.

Odò yìí kò jin, kò sì yára. Kí ló wá sọ ọ́ di pàtàkì? Àbàtà ni. Bí èèyàn bá tu ọkọ̀ gba inú odò náà lọ sí ìwọ̀-oòrùn, yóò kan àbàtà kan. Lódì kejì àbàtà yẹn ni odò Des Plaines wà, tó ń ṣàn lọ pàdé odò Illinois, tí odò Illinois sì ń lọ pàdé Mississippi. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa, ọkọ̀ lè gba orí àbàtà kọjá. Bí ọ̀dá bá dá, wọ́n á gbé ọkọ̀ lé èjìká, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn. Ọ̀nà yìí ni àwọn onílẹ̀ fi han Marquette àti Jolliet, àwọn Faransé méjì tó gba ibẹ̀ kọjá lọ́dún 1673. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sẹ́bàá odò mọ ohun tí mò ń wí: ibi tí ẹrù bá ti gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kó tó tẹ̀ síwájú, ọjà ni ibẹ̀ ń dà.

Ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe onílẹ̀ tó rí ọjà yẹn, tó sì wá tẹ̀dó sí ẹnu odò, èèyàn dúdú bíi tiwa ni. Jean Baptiste Point du Sable lorúkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin ẹ̀yà Potawatomi tó ń jẹ́ Kitihawa ló fẹ́. Kó tó di ọdún 1790 ni wọ́n ti kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n ń sin màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ń ta ìyẹ̀fun àti ẹran fún àwọn tó ń tukọ̀ kọjá. Ọdún 1800 ló ta ohun ìní rẹ̀, ó sì kó lọ. Ìlú pẹ́ gan-an kí ó tó bu ọlá tó tọ́ fún un. Ọdún 2021 ni wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ kún orúkọ títì ńlá tó gba etí adágún, Lake Shore Drive. Àwọn Potawatomi tí wọ́n jẹ́ àna rẹ̀ ńkọ́? Àdéhùn ọdún 1833 ló gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì lé wọn kọjá odò Mississippi.

Ọdún 1833 yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í la òkìtì iyanrìn tó dínà lẹ́nu odò Chicago. Títí di ìgbà náà, ọkọ̀ ńlá kò lè wọlé. Ó máa ń dúró lójú adágún, ọkọ̀ kékeré á máa já ẹrù rẹ̀ wá sí ilẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kò jọ èyí tí ẹ mọ̀? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Èkó ṣe wà. Òkìtì iyanrìn ló dí ẹnu ọ̀sà, ọkọ̀ òyìnbó ń dúró lójú òkun. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ìjọba amúnisìn tó kọ́ ògiri òkúta gbọọrọ wọ inú òkun kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọlé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ògiri òkúta yẹn pamọ́, màá padà sí i.

Nígbà tí ẹnu odò ti là ní Chicago, ó ku àbàtà. Lọ́dún 1836 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ odò àfọwọ́gbẹ́ kan tó gùn ní máìlì 96, láti Chicago dé LaSalle lẹ́bàá odò Illinois. Àwọn ará Ireland ló pọ̀ jù nínú àwọn tó fi ṣọ́bìrì àti díígà gbẹ́ ẹ. Ìbà àti àìsàn pa púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tó kù kọ́lé síbi tí odò náà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ń jẹ́ Bridgeport títí dòní. Ọdún 1848 ni wọ́n ṣí i. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn oníṣòwò ọkà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Board of Trade. Ọkà ń ti oko wọ ọkọ̀, ó ń ti ọkọ̀ wọ àká gíga tó wà létí odò, ó ń ti àká bọ́ sínú ọkọ̀ adágún, ó ń lọ sí New York. Nínú àká, ọkà àgbẹ̀ yìí dà pọ̀ mọ́ ti tọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọkà sí ìpele ìpele, tí wọ́n ń ta ìwé ẹ̀rí ọkà bí ẹni ń ta ọkà fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì wá ń dá iye lé ọkà tí kò tíì kúrò lóko. Ọgbọ́n òwò tí gbogbo ayé ń ná lónìí, orí omi ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ẹ wo orúkọ tún. Ní Èkó, bí a bá pe Èbúté Mẹ́ta, omi la pè. Ní Chicago, bí a bá pe Canal Street, omi la pè. Orúkọ ìlú èbúté kì í gbàgbé omi, kódà nígbà tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ bá ti gbàgbé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ ojú irin Metra láti Flossmoor lọ síbi iṣẹ́ ní àárín ìlú, omi wà nínú ìrìn tiyín náà. Ilé iṣẹ́ Illinois Central ló la ojú irin yẹn. Nígbà tí wọ́n ń gbé e wọ Chicago lọ́dún 1852, ìgbì adágún ń jẹ etíkun ìlú lọ, ìlú kò sì lówó láti fi ògiri dá a dúró. Ni wọ́n bá sọ fún ilé iṣẹ́ ojú irin pé, ẹ gba inú omi wọlé, kí ẹ sì bá wa mọ ògiri tí yóò gba ìgbì dúró. Báyìí ni ojú irin ṣe gba orí òpó igi wọ ìlú, tí ọkọ̀ ń sáré lórí adágún. Nígbà tí iná ńlá jó Chicago lóṣù Kẹwàá ọdún 1871, àárín ojú irin àti ilẹ̀ ni wọ́n kó àwókù ilé dà sí. Omi di ilẹ̀. Ẹni tó bá ń gbafẹ́ lórí koríko Grant Park lónìí, púpọ̀ nínú ilẹ̀ tó ń tẹ̀, omi ni tẹ́lẹ̀, eérú àti bíríkì iná ọjọ́ yẹn sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ojú irin yẹn náà ló bí Flossmoor, tó di ìlú tó dá dúró lọ́dún 1924. Òun náà ló kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dúdú wá láti Mississippi àti Louisiana, tí wọ́n ń sá fún ìyà.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ èyí tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí.

Ìlú tó ń dàgbà kíákíá, tó ń mu omi adágún, inú adágún kan náà ló ń da ẹ̀gbin rẹ̀ sí. Odò ló ń gbé ẹ̀gbin lọ bá omi mímu. Àrùn onígbáméjì jà lọ́dún 1849, ó tún jà lọ́dún 1854, ó pa àwọn èèyàn bí ẹni ń gé koríko. Ìlú ránṣẹ́ pe ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Ellis Chesbrough. Ó rí i pé ilẹ̀ Chicago tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ga ju ojú adágún lọ tó bẹ́ẹ̀, omi ẹ̀gbin kò lè ṣàn bí wọ́n bá ri páìpù sábẹ́ ilẹ̀. Kí ló ṣe? Ó ní kí wọ́n tẹ́ páìpù sórí títì, kí wọ́n wá kó erùpẹ̀ bò ó. Títì ga sókè, ilé wá wà nínú kòtò. Wọ́n bá ń fi jáàkì gbé ilé sókè! Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ á dúró yí ilé ká, ilé bíríkì alájà mẹ́rin-márùn-ún, wọ́n á jọ yí jáàkì lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀, títí ilé á fi bá títì dọ́gba. Ìlú tó lè gbé ilé alájà sókè báyìí, ṣé ó tún lè gbà pé omi le ju agbára òun lọ?

Lọ́dún 1867 wọ́n parí ihò kan lábẹ́ adágún, máìlì méjì láti èbúté, kí wọ́n lè máa fa omi tó jìnnà sí ẹ̀gbin. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbin ń tẹ̀ lé wọn lọ. Ẹ̀jẹ̀ àti ìfun ẹran láti ọjà ẹran ńlá ìlú náà pọ̀ nínú ẹ̀ka odò kan débi tí afẹ́fẹ́ ń hó lójú rẹ̀, tí wọ́n fi ń pè é ní Bubbly Creek, odò tó ń hó.

Ìgbà náà ni wọ́n pinnu láti ṣe ohun ńlá kan. Wọ́n ní bí odò kò bá yé kó ẹ̀gbin wọ adágún, kí odò yí padà. Wọ́n gbẹ́ odò àfọwọ́gbẹ́ tuntun, máìlì 28, wọ́n gbẹ́ ẹ jìn gba inú àpáta, wọ́n la ilẹ̀ gíga tó pààlà láàárín omi adágún àti omi Mississippi. Ní kùtùkùtù ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1900, láìlu ìlù, láìpe àlejò, wọ́n ya omi sí i. Kí ló dé tí wọ́n fi kánjú? Wọ́n mọ̀ pé ìpínlẹ̀ Missouri ti ń múra ẹjọ́, torí odò Mississippi ni àwọn ará St. Louis ń mu. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1906, àwọn adájọ́ ní Missouri kò rí ẹ̀rí tó tó mú wá, Chicago sì jàre.

Odò Chicago wá ń ṣàn sẹ́yìn. Àrùn dínkù nínú ìlú, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ìbá kú kò kú mọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ ká fojú kéré ìyẹn, iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbin kò pòórá. Ó kúrò lẹ́nu ọ̀nà ẹnìkan, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn lọ ni. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí nìyẹn, ẹ̀yin ará: gbogbo omi tí a bá lé, ilé ẹnìkan ló ń lọ.

Omi tiwa ńkọ́, ilé ta ló ń lọ? Ẹ gbọ́ ìdáhùn. Odò kékeré kan gba àárín Flossmoor kọjá, Butterfield Creek lorúkọ rẹ̀. Bí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá bá rọ̀, mo máa ń lọ dúró sórí afárá rẹ̀. Omi á pọ́n bí omi ẹ̀kọ ọkà bàbà, á gbé ewé àti ike, á máa sáré. Ó ń lọ pàdé Thorn Creek, Thorn Creek ń lọ pàdé odò Little Calumet. Tẹ́lẹ̀ rí, Calumet ń ṣàn wọ adágún. Lọ́dún 1922 wọ́n parí odò àfọwọ́gbẹ́ mìíràn, Cal-Sag, wọ́n sì yí òun náà padà. Bí Thorn Creek bá kún àkúnya, wọ́n máa ń darí omi sínú ihò ńlá kan ní Thornton tí wọ́n ti ń wú òkúta láti ayébáyé. Láti ọdún 2015, ihò yẹn lè gba omi tó tó gálọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 7.9, kí ó má bàa ya wọlé àwọn èèyàn.

Etí odò Calumet yìí ni èbúté ọkọ̀ ńlá Chicago ṣí lọ nígbà tí odò àárín ìlú kò gbà wọ́n mọ́. Ilé iṣẹ́ irin tẹ̀ lé e, ibi ìdàlẹ̀nù tẹ̀ lé e. Láàárín wọn ni ìjọba kọ́ ilé sí fún àwọn èèyàn dúdú lọ́dún 1945, Altgeld Gardens. Ìyá kan níbẹ̀, Hazel Johnson, rí i pé àìsàn jẹjẹrẹ ń pa àwọn ará àdúgbò lọ́nà tí kò yé òun. Kò ní oyè ẹnjiníà, ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń kọ àìsàn oníkálukú sílẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1979, ó sì ń bi ìjọba léèrè nípa omi àti afẹ́fẹ́ wọn títí gbogbo Amẹ́ríkà fi gbọ́. Ìbéèrè kejì tí mo bi ara mi nídìí ẹ̀wà, òun ló fi gbogbo ayé rẹ̀ bi.

Odò kan náà ti gba ẹ̀mí là rí. Kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹrú tó ń sá lọ sí Canada máa ń gba etí Little Calumet. Ìdílé Ton, àwọn àgbẹ̀ tó wá láti Holland, máa ń fi wọ́n pamọ́ sóko wọn létí omi. Lónìí, ojú omi máìlì méje kan wà níbẹ̀ tí èèyàn lè tukọ̀ lórí rẹ̀, kó máa gbọ́ ìtàn àwọn èèyàn dúdú bí ó ti ń lọ.

Adágún náà ní ẹ̀jẹ̀ nínú ìtàn tirẹ̀. Lọ́jọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1919, oòrùn mú gidigidi. Ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú ọmọ ọdún 17, Eugene Williams, wà lórí igi tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ so pọ̀, wọ́n ń ṣeré lójú omi. Ìgbì rọra gbé wọn kọjá ààlà tí kò sí lójú omi, tí kò sí nínú òfin, tí ọkàn àwọn aláwọ̀ funfun nìkan fà. Ẹnìkan ń sọ òkúta lù wọ́n. Eugene rì, ó kú. Ọlọ́pàá kò mú ẹni tó sọ òkúta. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, èèyàn 38 kú, 23 nínú wọn jẹ́ èèyàn dúdú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn èèyàn wa bá ń yan ẹran létí adágún, tí àwọn ọmọ wa bọ́ sómi láìbẹ̀rù, ẹ jẹ́ ká rántí ọmọ yẹn.

Ìlú èbúté a máa fi omi ṣọdún pẹ̀lú. Láti ọdún 1962, nígbà àjọ̀dún àwọn ará Ireland, wọ́n máa ń da aró sínú odò Chicago, odò á dà bí ewé ẹ̀fọ́. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe páìpù omi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọ̀ náà, wọ́n ti ń lò ó tẹ́lẹ̀ láti fi wá ẹni tó ń da ẹ̀gbin sódò ní ìkọ̀kọ̀. Bí páìpù ilé kan bá ń tú ẹ̀gbin sódò, àwọ̀ á tú u fó. Ohun tí wọ́n fi ń mú ọ̀daràn ló di ẹwà ọdún.

Mo ní màá padà sí ògiri òkúta Èkó. Ó la ẹnu ọ̀nà fún ọkọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún dá iyanrìn tí ìgbì ń kó lọ sí ìlà-oòrùn dúró. Etíkun Bar Beach kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ lọ, ó sì ya wọ Victoria Island láìmọye ìgbà. Nígbà tí wọ́n tún wá mọ ògiri ńlá fún ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic, àwọn ará Òkun Àlfà ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ń ké pé òkun ń gbé ilé àwọn lọ. Ohun tí Chicago ṣe sí St. Louis, a ń ṣe é fún ara wa nílé.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, omi kò ní ọ̀tá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ní aládùúgbò, wọ́n sì pọ̀. Láti ọdún 1967, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá òṣùwọ̀n lé omi tí ìpínlẹ̀ Illinois lè bù nínú adágún, torí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù pẹ̀lú ń mu nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí ìpínlẹ̀ bù fún ìlú kọ̀ọ̀kan ni a ń lò nílé.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò ju méjì lọ. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sétí Butterfield Creek, tàbí odò yòówù tó bá wà ládùúgbò yín, kí ẹ fi ọ̀nà tó ń gbà hàn wọ́n. Ní ọjọ́ Àìkú tí ẹ bá pe ilé, ẹ bi àwọn àgbà léèrè orúkọ odò tí wọ́n ń pọn nígbà èwe wọn, àti ibi tó ń ṣàn lọ.

Èmi ṣì ń bó ẹ̀wà mi láàárọ̀ Sátidé. Ṣùgbọ́n n kì í da òróró tí mo fi dín àkàrà sínú ihò omi mọ́. Màá dúró kó tutù, màá rọ ọ́ sínú agolo, màá dé e, màá jù ú sí ibi ìdàlẹ̀nù. Inú ilé ìdáná mi kò yàtọ̀ sí ti àná. Ṣùgbọ́n mo ti mọ pé ẹnìkan wà nísàlẹ̀ odò tó ń ṣí ẹ̀rọ tirẹ̀ láti fọ ẹ̀wà.